Wọ́n Ní Kí N Dùbúlẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kọ́kọ́ dójú ti ọkùnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òun dójú ti ẹnikẹ́ni. Ó ń wọ bàtà ilé ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó ní tíṣà àwọn ní kí olúkúlùkù dìde lánàá, kó sọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

"Kí lo wá sọ?" ìyá àgbà bi í. Ìyá tó bí ọkùnrin náà ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti dé láti wá bá wọn mójú tó ilé.

"Mo ní bàbá mi ń dùbúlẹ̀."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀, tó ń wé gèlè lẹ́nu ọ̀nà, mú aṣọ kan, ó fi gba ìbàdí, ó so ó le gan-an bí ẹni tó ń di ẹrù. Ó fa ọmọ lọ́wọ́.

"Ìyá, a ń lọ o." Ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló ti ń kí i bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀gún nínú ohùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀gún náà kò yé gún ọkùnrin yìí.

Òpó ni wọ́n ń pè é ní sítọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ti ń ru ẹrù. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àpò kan, òun á gbé méjì, ọ̀gá sítọ̀ á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà, tó wó lulẹ̀ tòun ti ẹrù, eruku sìmẹ́ǹtì kò tíì rọlẹ̀ tí ẹlòmíràn fi bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọ̀gá ní kó lọ tọ́jú ara, bó bá yá kó padà wá. Kò rán ẹnikẹ́ni wá wò ó. Bí ọkọ̀ akẹ́rù wọn bá bà jẹ́, mẹkáníìkì ni wọ́n ń pè. Bí ẹ̀yìn èèyàn bá bà jẹ́, èèyàn mìíràn ni wọ́n ń pè.

Omi ẹ̀rọ kì í gùn dé àjà kẹta tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí ilé dá, ìyá àgbà fi ìborùn ṣe òṣùká, ó mú korobá.

"Ìyá, ẹ fi sílẹ̀," Òpó sọ láti orí ẹní.

"Kí n fi sílẹ̀ fún ta ni?"

Kò fi gún un lára o. Ìbéèrè lásán ni. Ó sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn méjìlélógójì ló wà láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ilẹ̀. Òpó ń ka ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nísàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn gan-an, ni télọ̀ kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ohun tí obìnrin yìí kò bá fi téèpù wọ̀n, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Fèrèsé Òpó sì ṣí sílẹ̀ sókè orí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń pọnmi?"

"Èmi náà ni, ọmọ mi."

"Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ò yá. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀."

"Àwọn wo ló ní kó dùbúlẹ̀?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì ni."

Ẹ̀rọ dún gìrìgìrì, ó dákẹ́. "Ó dáa. Àìsàn là á wò. Ọlọ́run á gbé e dìde." Ìyá àgbà kọjá sídìí ẹ̀rọ omi. Télọ̀ wá yí sí oníbàárà tó jókòó tì í, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bó ṣe rò. "Àwa tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti èṣí, tá a tẹ̀ba sórí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó wò wá kó ní ká dùbúlẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn tiwa, igi ni?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Òpó fi ìrọ̀rí bo etí.

Bẹ́ẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó ní kó dùbúlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó rí i nílé ìwòsàn, obìnrin kúkurú kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, bóyá ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀. Ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, ó ní eegun kankan kò ṣẹ́, iṣan ló fà. "Ẹ rìn díẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún rìn. Á máa dùn yín, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dunni ló ń bà wá jẹ́. Iṣan ló di eegun ẹ̀yìn mú bí okùn ṣe ń di igi àgọ́ mú. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ pẹ́, okùn á dẹ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí mì." Ó ní kó má tíì ru àpò o, ṣùgbọ́n kó máa ṣe èyí tó bá lè ṣe nínú ilé, kó sì máa fi kún un lójoojúmọ́.

Ohun tó gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó délé tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n wí, gbólóhùn kan ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀." Lọ́jọ́ náà ó rò pé òun á tún un sọ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìgbà méjì ló ti dìde nígbà tí ilé dá. Ó di ògiri mú, ó rìn dé ibi fèrèsé, ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Nígbà kejì, ó dúró síbẹ̀ pẹ́ tó fi ń gbádùn atẹ́gùn, àfi bí ẹnì kan ṣe gbójú sókè láti òpópónà. Kíá ló yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Olókùnrùn tó ń sá kí ojú má rí òun lórí ìdúró! Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Ìyá rẹ̀ ń gòkè bọ̀. Ó ń gbọ́ ọ tó ń dúró mí lórí àjà kìíní, lórí àjà kejì. Omi ń ta sílẹ̀ pó, pó. Nígbà tó wọlé, ó sọ korobá kalẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú títí èémí rẹ̀ fi padà.

"Òkè ilé yìí ga," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá," Òpó dáhùn. Ẹnu rẹ̀ korò bí ewúro.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí ariwo télọ̀ gba inú fèrèsé wọlé: "Ha! Kí ló ṣe é? Ẹ rọra o! Ẹ rọra!" Òpó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, ó gbórí sókè. Ẹsẹ̀ èèyàn bíi mẹ́ta ló ń gòkè, wọ́n ń lọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé, obìnrin méjì láti ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó dúró gbagidi bí ẹni tó gbé ẹyin lérí.

"Ó bẹ̀rẹ̀ kó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù jáde nínú ẹ̀rọ ni," èkíní nínú wọn ṣàlàyé. "Ẹ̀yìn gbá a mú, kò lè nà mọ́. A ti mú un dé ilé ìwòsàn."

"Ọ̀gá ní bí iṣẹ́ ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sẹ́ni nídìí tábìlì rẹ̀, òun á fi ẹlòmíràn síbẹ̀," èkejì fi kún un. "Ìyá, ẹ bá a wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń dùn ún, aṣọ ló ń fi gba ìbàdí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" ìyá àgbà ní.

Òpó wo aṣọ tó wà ní ìbàdí ìyàwó rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí i tó ń so ó. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni, àbí kò tilẹ̀ rò ó rárá. Abẹ́ òrùlé kan náà, iyàrá kan náà, ẹnì kan ń kérora kí gbogbo ilé lè gbọ́, ẹnì kejì ń di eyín.

Àwọn obìnrin méjèèjì kí wọn, wọ́n lọ. Òpó yí kúrò lórí ẹní, ó fi ọwọ́ gbá ẹní náà mọ́.

"Wá dùbúlẹ̀."

"Wọ́n ní kí n má dùbúlẹ̀," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ìyá àgbà ń bu ẹ̀wà sínú abọ́ lọ́wọ́ náà. "Wọ́n ní kí o má kín ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn. Díẹ̀díẹ̀."

"Irú nọ́ọ̀sì wo nìyẹn? Wọ́n ní kí ọkọ ẹ dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí ìwọ máa rìn kiri? Ṣé ẹ̀yìn obìnrin yàtọ̀ ni?"

"Nọ́ọ̀sì kan náà ni, ìyá. Ó rí káàdì wa, ó dá a mọ̀. Ó bi mí pé báwo lọkọ mi ṣe ń rìn sí."

Abọ́ tó tóbi jù, èyí tí ẹran wà lórí rẹ̀, ti wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ti ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó wo ìyàwó, ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ sáàárín iyàrá, níwájú ẹnikẹ́ni kọ́.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Òpó lè sọ pé nọ́ọ̀sì ṣì í mú ni. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, irọ́ tirẹ̀ kò sì jìnnà ju àtẹ̀gùn méjìlélógójì lọ.

"Òótọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. Kò pariwo; ẹ̀yìn kò jẹ́ kó lè pariwo. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ń fi èjìká gbé yín wọ balùwẹ̀. Mo ń to ìrọ̀rí sí yín lẹ́yìn kí n tó lọ gbé ẹrù aṣọ. Ìyá yín ń pọnmi!"

"Ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Èyí kì í ṣe irọ́."

"Ta ló ní kò dùn yín? Tèmi náà ń dùn mí! Ta ni mo sọ fún? Ta ló kù nínú ilé yìí tí mo lè sọ fún?"

Òpó wo ilẹ̀. "Bí mo bá dùbúlẹ̀, aláìsàn ni mí. Kò sẹ́ni tó ń bi aláìsàn ní nǹkan kan. Bí mo bá rìn dé ìsàlẹ̀ yẹn lásán, télọ̀ á ní, 'Ẹ wò ó, ó ń rìn, kí ló dé tí kò lọ síbi iṣẹ́?' N kò lè ru àpò mọ́. Kí ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó lè rìn tí kò lè ru ẹrù?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Eṣinṣin kan bà lé ẹran inú abọ́. Kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó ṣe, ìyá àgbà dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó so ó le.

"Ilé ìfọṣọ náà, ọ̀nà ibo la ń gbà débẹ̀?"

"Ìyá, láti ṣe kí ni?" ìyàwó bi í.

"Wọ́n ní kẹ́nì kan dúró nídìí tábìlì ẹ kí iṣẹ́ ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti fọṣọ rí láyé mi."

"Ẹ jókòó, ìyá," Òpó ní.

"Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo," ìyá àgbà dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀. "Bí ẹlẹ́rù ò bá sí nílé, arúgbó á gbé e."

Òpó yí sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó di àga mú. Ìrora náà gòkè láti ìdí rẹ̀ bí iná, ó sì dúró kó kọjá, bí èèyàn ṣe ń dúró kí ọkọ̀ ńlá kọjá kó tó sọdá títì. Ó kọjá. Ó nà tán. Ó bu omi tí ìyá rẹ̀ pọn, ó fi bọ́jú, ó wá ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ibi iṣẹ́ ẹ."

"Iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. "Èmi náà á lọ," ó ní. "Wọ́n ní kí n máa rìn."

Ìyá àgbà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọmọrí dé abọ́.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, ọkọ níwájú, aya lẹ́yìn, ẹnì kọ̀ọ̀kan di irin àtẹ̀gùn mú. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ télọ̀ ti dákẹ́.

"Òpó! Ṣé ojú mi nìyí?"

"Ojú yín ni. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Nọ́ọ̀sì ti wá ní kẹ́ ẹ dìde?"

Ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ní kí n dìde," ó ní. "Èmi ni n kò dìde."

Títí tí wọ́n fi yà ní kọ́nà, Òpó kò gbọ́ kí ẹ̀rọ náà tún dún.

Ọ̀nà tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ni, ó gbà wọ́n ju ogún lọ. Bí obìnrin bá dúró, ọkùnrin á dúró. Bí ọkùnrin bá di ọgbà ilé ẹnì kan mú, obìnrin á máa wo ibòmíràn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan rọra kọjá pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì, àwọn alábàárù jókòó sórí rẹ̀, eruku ti sọ irun wọn di funfun bíi ti àgbàlagbà.

"Òpó!" ọ̀kan nínú wọn pariwo. "Ṣé o ti le?"

"Rárá," Òpó dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ọ̀kan kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń gbé wọn lọ.

Ooru ilé ìfọṣọ gbá wọn lójú láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ń kùn, ilẹ̀ tutù, obìnrin bíi méjìlá dúró yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì, wo Òpó látorí délẹ̀.

"Ìwọ lọkọ rẹ̀? Ẹni tí wọ́n ní kò lè dìde?"

"Mo lè dìde." Ohùn rẹ̀ kéré lójú ariwo ẹ̀rọ, ó ní láti tún un sọ. "Mo lè dìde, sà. N kò lè gbé ohun tó wúwo. Mo lè dúró, mo lè ká aṣọ títí tí ara ìyàwó mi á fi yá."

Ẹnì kan nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo ẹnu. Etí Òpó gbóná. Ní sítọ̀, nígbà tó bá ń kọjá pẹ̀lú àpò méjì, ó ti rẹ́rìn-ín irú èyí rí, ó rántí ẹni tó fi rẹ́rìn-ín gan-an.

"Èyí tó o bá ká wọ́, wàá tún un ká," ọ̀gá ní.

"Ọ̀gá," ìyàwó rẹ̀ ní. Gbogbo wọn wò ó. "Agbọ̀n aṣọ tútù yẹn, èèyàn méjì ló yẹ kó máa gbé e."

"Àwọn tó wà níbí kó o tó dé, ẹnì kan ló ń gbé e."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

Ọ̀gá wo agbọ̀n, ó wo aago ara ògiri, ó yí padà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún títí tó fi wọ ọ́fíìsì. Àwọn obìnrin ìdí tábìlì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Méjì nínú wọn rọra lọ di agbọ̀n náà mú ní etí méjèèjì, wọ́n gbé e.

Òpó mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ó gbòòrò ju bó ṣe rò. Ó na ọwọ́ méjèèjì tán, ìdí aṣọ náà ń wọ́lẹ̀. Ó gbá apá kan mọ́ àyà, apá kejì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un mú. Ó ká a, ó wọ́ bí ojú ọ̀nà oko. Ó tú u. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, ẹ̀yìn ń ta á, ó sì ń yí ìwọ̀n ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún sí òsì bó ti rí i tí àwọn obìnrin náà ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ fara ti òpin tábìlì, ó ń wò ó. Kò dá sí i. Ìkejì náà wọ́. Ìkẹta bọ́ sílẹ̀, ó sì ní láti rọra kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn kó tó lè mú un.

Nígbà tó gbórí sókè, ìyàwó rẹ̀ ti di etí kejì aṣọ náà mú.

Wọ́n na án. Wọ́n pa á pọ̀. Aya rìn síwájú, ọkọ rìn síwájú, ọwọ́ wọn pàdé láàárín, aya gba etí aṣọ lọ́wọ́ ọkọ. Wọ́n tún fà sẹ́yìn. Aya kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Fà á," ó ní. "Fà á kó le."

Kò ní "ẹ." Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò tíì pè é ní ìwọ rí, ì báà ṣe nínú ìjà. Òpó wá inú ohùn náà wò bóyá ẹ̀gàn ni, bóyá ìdáríjì ni. Kò rí èyíkéyìí níbẹ̀. Aṣọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkìtì mìíràn lórí tábìlì.

Ó fà á.